Ìwọ̀n Àlàfo Fáàfù àti Yíyan Ṣíìmù fún Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ tí A Pa Lára Dà

Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń wọn àlàfo tí ó wà láàárín kámù àti fáàfù, àti bí a ṣe ń yan ṣíìmù tí yóò mú àlàfo náà bọ́ sí ìwọ̀n tí ó tọ́, nígbà tí a bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí a sì pa á lára dà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì Toyota 4A-GE oní-fáàfù 16, tí ó jáde ní ọdún 1983, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje fẹ́ràn láti máa tún un ṣe. Lójú mẹkáníìkì tí ó ti mọ́ lára láti fi sípánà àti sùkùrúdíráfà sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì Peugeot 504, iṣẹ́ yìí ṣàjèjì díẹ̀, nítorí kò sí nọ́ọ̀tì tí a ó yí. Ìṣirò ni a ó ṣe, ẹni tí ó bá sì ṣì í ṣe yóò jó fáàfù.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ohun tí a ń wọ̀n yìí: ààyè àti àlàfo. Àlàfo ni a yàn láàyò, nítorí pé ìtumọ̀ ààyè pọ̀ ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àlàfo kò ju òfìfo tí ó wà láàárín ohun méjì lọ.

Ìdí tí Àlàfo fi Gbọ́dọ̀ Wà

Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, irin fáàfù a gùn sí i. Bí a kò bá fi àlàfo sílẹ̀ nígbà tí ó tutù, gígùn yìí yóò gbé fáàfù kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, kò sì ní lè padé tán. Bẹ́ẹ̀, ara ìjókòó yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ooru fáàfù ń gbà lọ sínú tọ́pù. Fáàfù tí kò jókòó dáadáa kò rí ibi gbé ooru rẹ̀ sí, etí rẹ̀ a sì jó. Fáàfù èéfín ni ó máa ń tètè ko àgbákò yìí. Ìdí nìyẹn tí Toyota fi fún un ní 0.20 sí 0.30 mìlímítà, tí wọ́n sì fún fáàfù àgbàwọlé ní 0.15 sí 0.25, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí àlàfo bá pọ̀ jù ńkọ́? A ó máa gbọ́ ariwo kọ́kọ́kọ́, fáàfù kò sì ní ṣí tó bí ó ti yẹ. Àwọn àgbà mẹkáníìkì mìíràn a máa fi etí ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n etí kò lè gbọ́ àlàfo tí kò sí.

Ṣíìmù ni awo irin róbótó, pẹlẹbẹ, tí ó jókòó lórí ife tápẹ́ẹ̀tì. Oríṣi 17 ni Toyota ṣe, láti orí 2.50 mìlímítà títí dé 3.30, 0.05 ni ọ̀kan fi nípọn ju èkejì lọ.

Ohun tí Pípa Ẹ́ńjìnnì Lára Dà ń Ṣe sí Àlàfo

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà. Bí a bá lọ ìjókòó fáàfù, fáàfù a rì wọ inú tọ́pù, ìdí rẹ̀ a sún mọ́ kámù, àlàfo a sì dín. Bí a bá tún kámù lọ kí imú rẹ̀ lè ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí i, ẹ̀yìn náà a tẹ́ẹ́rẹ́, àlàfo a sì fẹ̀. Bí a bá sì họ ìsàlẹ̀ tọ́pù kí afẹ́fẹ́ lè fún mọ́ra sí i, àlàfo kò yí padà rárá, nítorí inú tọ́pù kan náà ni kámù, ife àti fáàfù jọ wà. (Ó ń mú fáàfù sún mọ́ pístìnì o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Nínú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, a lè lọ ìjókòó kí a sì tún pààrọ̀ kámù. Nítorí náà, dídá ṣíìmù àtijọ́ padà sí àyè wọn kò fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kámù ilé-iṣẹ́ mìíràn ni a rà, ìwọ̀n tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe ti Toyota. Imú kámù tí ó ga gan-an sì lè ta ṣíìmù dànù kúrò lórí ife nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré àsápajúdé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ ife náà sí irú èyí tí ṣíìmù kékeré wà lábẹ́ rẹ̀.

Wíwọ̀n àti Ìṣirò

Orí tábìlì ni ó dára kí a ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí a tó gbé tọ́pù lé búlọ́ọ̀kù, kí fáàfù má baà kọ lu pístìnì. A ó de kámù mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó yí i títí imú rẹ̀ yóò fi kọ ẹ̀yìn sí ife, a ó sì ti fíìlà géèjì bọ àárín. Ó gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìfà díẹ̀. A ó kọ ti fáàfù 16 náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó yọ ṣíìmù, tí a ó sì fi máíkíròmítà wọ̀n wọ́n. Kí a má gbára lé nọ́ńbà ara wọn, nítorí irin a máa jẹ. Ìlànà ìṣirò náà nìyí:

ṣíìmù tuntun = ṣíìmù àtijọ́ + (àlàfo tí a bá − àlàfo tí a fẹ́)

Ká ní fáàfù èéfín kan ní àlàfo 0.12 lẹ́yìn tí a lọ ìjókòó rẹ̀, tí ṣíìmù rẹ̀ sì jẹ́ 2.80. Àlàfo tí a fẹ́ ni 0.25. Ìdáhùn jẹ́ 2.67, èyí tí kò sí lára àwọn 17 náà. 2.65 yóò fún wa ní 0.27, 2.70 yóò fún wa ní 0.22. Méjèèjì ni ó bófin mu, ṣùgbọ́n 2.65 ni àwa yóò mú, nítorí pé bí fáàfù èéfín ti ń lu ìjókòó rẹ̀, ó ń rì sí i, àlàfo rẹ̀ sì ń dín. Kí a tó ra tuntun, ó yẹ kí a wo àkọsílẹ̀ wa: ṣíìmù tí kò bá fáàfù kan mu lè bá òmíràn mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọ̀ wa yí àmì ìyọkúrò yìí sódì lórí irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Ó rí 2.93, ó sì fi 2.95 sí i. Àlàfo 0.12 ni ó fi 0.15 dí. Gbogbo rẹ̀ tán, ṣíìmù sì tún fi 0.03 ti fáàfù ṣí sílẹ̀ títí láé. Nígbà tí a ní kí ó tún gbogbo fáàfù 16 wọ̀n lórí tábìlì, géèjì tí ó tín-ín-rín jù lọ kò ráyè wọlé. Ó tú kámù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.