Ìdánwò àti Owó Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀ràn tí ó kan gbogbo àwa tí a ń múra àtidi olùkọ́ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ọ̀nà wo ni a fi lè mọ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀? Ẹni tí ó ń san owó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kò sí olóko tí kì í lọ wo ebè tí alágbàṣe kọ. Ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ìjọba fi ń wá ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ibẹ̀ yọ, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1862, Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ Robert Lowe, yí òfin owó ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ padà. Yàtọ̀ sí sílè 4 tí a ń san nítorí wíwá déédéé, ilé-ẹ̀kọ́ lè gba sílè 8 lórí ọmọ tí ó bá ju ọdún 6 lọ, bí alábẹ̀wò bá dán an wò tí ó sì yege nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Èyíkéyìí tí ó bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó yọ sílè 2 àti kọ́bọ̀ 8.

Kí ni àbáyọrí rẹ̀? Nínú owó yìí ni oúnjẹ olùkọ́ ti ń wá. Nítorí náà ohun tí a óò dán wò ni ó gbájú mọ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn àti ti ilẹ̀ ayé di ohun tí a tì sẹ́yìn. Ìwé kan náà ni a ń kà ní àkàtúnkà títí ọ̀pọ̀ ọmọ fi mọ̀ ọ́n sórí. Matthew Arnold, tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ alábẹ̀wò, kọ̀wé ní 1867 pé ọgbọ́n ìmúra lè mú ọmọ yege nínú ìdánwò ìwé kíkà láìjẹ́ pé ó mọ ìwé kà ní tòótọ́. Láti 1890 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ètò náà palẹ̀.

Ètò yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Òfin Ẹ̀kọ́ ti Èkó ní 1887 so apá kan owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní 1916, ní ìgbà Lugard, a pín òṣùwọ̀n náà: nínú 100, 30 jẹ́ ti ìwà, ìkóra-ẹni-níjàánu àti ètò ilé-ẹ̀kọ́, 20 ti àwọn olùkọ́, 40 ti ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú, 10 ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. A kò lé ìdánwò jáde. A kàn kọ̀ kí ó dá jókòó lórí òṣùwọ̀n ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àtijọ́ lásán ni. Òfin tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2002 pàṣẹ ìdánwò lọ́dọọdún, ó sì fi ìyà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí èsì rẹ̀ kò bá ga tó. Ní 2011, àwọn olùwádìí ìpínlẹ̀ Georgia rí i pé nínú ilé-ẹ̀kọ́ 56 tí wọ́n yẹ̀ wò ní ìlú Atlanta, 44 ti ṣe màgòmágó. Àwọn olùkọ́ mìíràn ń pa ìdáhùn tí ọmọ ṣì rẹ́, wọ́n ń fi èyí tí ó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Ní 2015 ni a fi òfin mìíràn rọ́pò ti 2002 náà.

A kò sọ pé ìdánwò kò dára. Aránṣọ kì í gé aṣọ láìwọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá so oúnjẹ rẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í pẹ́ kan òṣùwọ̀n náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ojúgbà wa, ẹ jẹ́ kí a máa fi ìdánwò wá ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀, kí a sì bi ara wa léèrè kí alábẹ̀wò tó dé: bí a bá gba ìwé tí ó ti mọ̀ sórí lọ́wọ́ ọmọ yìí, tí a sì fún un ní lẹ́tà tí kò rí rí, ǹjẹ́ yóò lè kà á fún ìyá rẹ̀?