Ṣé o mọ̀ pé ooru àti yìnyín lè jọ pàdé ènìyàn lọ́jọ́ kan ní ọ̀nà Stelvio?
Ọ̀nà òkè Stelvio, tí ìjọba Austria mú kí Carlo Donegani là láàárín ọdún 1820 sí 1825, tí ó sì wà lábẹ́ Ítálì lónìí, ga tó mítà 2,757 sí ojú òkun, kọ́nà 48 ni alùpùpù yóò sì gbà láti ìhà ìlú Prato tí ó wà nísàlẹ̀ kí ó tó dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n ti òkè yìí kì í dúró de ọ̀la, nítorí pé òtútù a máa fi bí ìwọ̀n Celsius mẹ́fà pọ̀ sí i ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá gùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń làágùn nísàlẹ̀ lè bá yìnyín lókè nínú oṣù Kẹjọ pàápàá. Afẹ́fẹ́ eré sísá a tún máa jí ooru ara gbé, ọwọ́ tí ó bá sì ti kú tipiri kò ní tètè fún bíréèkì; nítorí náà, kí òjò tó dé ni kí a ti wọ aṣọ òjò. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kí a bẹ̀rù jù, torí òróró àti eruku ojú ọ̀dà yóò léfòó, ọ̀nà yóò sì máa yọ̀ títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́ mọ́.