Àwọn Akọni Inú Ìwé Aláwòrán, Ogun Hitler àti Ọ̀kọ̀ Tí Ó Gún Jésù

Ọ̀pọ̀ ọmọ inú ìjọ wa ni ó mọ Superman àti Captain America dunjú, tí wọn kò sì mọ Gídíónì. Kí àwa òbí tó bínú, ó tọ́ kí a mọ orírun àwọn akọni wọ̀nyí, nítorí ìtàn ogun wọn gbé ìbéèrè kan dìde tí ó kan ìgbàgbọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Inú ìwé ìtàn aláwòrán ni wọ́n ti wá. Àwọn tí ó ka Atọ́ka nígbà èwe yóò tètè lóye rẹ̀, àfi pé àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni tiwọn, kì í ṣe fọ́tò. Ní Amẹ́ríkà, akọni kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtàn tirẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ní òpin ọdún 1940, ẹ̀dà kẹta ìwé All-Star Comics kó àwọn akọni láti inú ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ, a sì pe ẹgbẹ́ náà ní Justice Society of America. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ogun Àgbáyé Kejì ti ń jà ní Yúróòpù nígbà náà, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò tíì wọ̀ ọ́. Joe Simon àti Jack Kirby, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Júù, kò dúró de ìjọba. Lára èèpo ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Captain America, tí ó ní déètì oṣù kẹta ọdún 1941, akọni wọn ń lu Hitler ní ẹ̀ṣẹ́. Kirby fúnra rẹ̀ di ọmọ ogun nígbà tí ó yá. Ó jà ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1944, òtútù sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gidigidi.

Ìbéèrè náà nìyí: bí irú àwọn alágbára báyìí bá wà, kí ni kò jẹ́ kí ogun parí ní ọjọ́ kan? Ní oṣù kejì ọdún 1940, ìwé ìròyìn Look fi hàn bí Superman ṣe mú Hitler àti Stalin, tí ó kó wọn lọ sí Geneva fún ìdájọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ogun, irú eré bẹ́ẹ̀ kò dùn mọ́. Ní ọdún 1942, àwọn òǹkọ̀wé mú kí Superman kùnà nínú àyẹ̀wò ojú àwọn ológun: ojú rẹ̀ ríran gba inú ògiri kọjá, ó sì ka lẹ́tà inú yàrá kejì.

Ní ọdún 1981, Roy Thomas mú ìdáhùn mìíràn wá nínú ìwé All-Star Squadron, níbi tí Ààrẹ Roosevelt ti pe gbogbo akọni papọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1941. Ó ní ọ̀kọ̀ tí ó gún Jésù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ Hitler. Akọni tí idán lè ràn, bí ó bá wọ ilẹ̀ ọ̀tá, yóò di ẹrú rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọ. Jòhánù 19:34 kò sọ pé agbára kankan wà nínú irin náà. Ẹ̀jẹ̀ àti omi tí ó jáde ni ajíhìnrere náà jẹ́rìí sí. Lóòótọ́, ọ̀kọ̀ kan wà ní Vienna tí àwọn kan gbà pé òun ni. Ní ọdún 1938 ni ìjọba Hitler gbé e lọ sí Nuremberg. Kò gbà á là: Hitler pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1945, a sì dá ọ̀kọ̀ náà padà sí Vienna ní ọdún 1946.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Hesekáyà. Ọlọ́run ni ó pàṣẹ ejò idẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i, ọba náà fọ́ ọ túútúú (Àwọn Ọba Kejì 18:4). Ẹni tí kò lè sùn láìsí ìgò òróró lábẹ́ ìrọ̀rí, tí ó fi àdúrà sílẹ̀ tí ó di áńkáṣíìfù mú, ohun kan náà ni òun àti Hitler inú ìtàn náà gbára lé.

Nítorí náà, ẹ má kàn gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ bá a kà á, kí ẹ sì sọ fún un pé àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni ó parí ogun náà, títí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó lọ sí Bóòmà, tí àwọn kan nínú wọn kò padà wálé. Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n láti mọ ibi tí agbára wà. Àmín.