IRORẸ́ OJÚ: KÍ NI KÍ Á ṢE SÍ I?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wa, irorẹ́ kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àmì ọ̀bùn. Bí ọmọ bá ń bàlágà, òróró abẹ́ awọ ara a máa pọ̀ sí i. Bí ó bá dí ihò irun, ibẹ̀ a wú, a sì kó ọyún.

Ọṣẹ dúdú tí à ń rà lọ́jà Agbówà, eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àdín ni a fi ń sè é. Ó ń fọ òróró kúrò, ṣùgbọ́n ó le. Ẹ fi ọwọ́ ho ó, kí ẹ sì tètè ṣàn án. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó. Omi àlùwàlá tó fún ìyókù. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú, nítorí oòrùn lè jó ibẹ̀. Òrí dára fún ara gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sójú irorẹ́. Ẹ má sì tẹ irorẹ́, kí ó má baà dá àpá.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni ìpara tí ń bó ara. Steroid inú òmíràn a mú irorẹ́ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a tún mú èyí tó burú jù wá. Mercury inú òmíràn a máa ba kíndìnrín jẹ́; àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 lòdì sí i.

Bí irorẹ́ bá pọ̀, ẹ béèrè benzoyl peroxide lọ́wọ́ apoògùn, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí kò bá lọ, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà.