Wáìnì pupa olóòórùn ata: oúnjẹ wo ló bá a mu?

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń gba ìgò wáìnì pupa lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ti ìlú ńlá tàbí òkè òkun bọ̀. Àwọn kan á gbé e pamọ́ títí eruku yóò fi bò ó. Àwọn mìíràn á fi ọbẹ̀ tó ta bí iná jẹun, wọn á da wáìnì lé e, wọn á ní kò dùn. Wáìnì kọ́ ló jẹ̀bi o, oúnjẹ tí wọ́n fi sìn ín ni kò bá a mu.

Agbègbè odò Rhône, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni irú wáìnì yìí ti gbajúmọ̀. Oríṣi èso àjàrà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀: Grenache fún adùn, Syrah fún òórùn ata, Mourvèdre fún kíki. Ẹnikẹ́ni kò da ata sí i. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní rotundone ló ń fún Syrah lóòórùn yẹn. Èròjà yìí náà ló wà nínú ata dúdú òyìnbó, ìbátan iyèré wa.

Kí ẹ tó tọ́ ọ wò, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí iná, ẹ ki ìgò náà bọ omi tútù inú àmù. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó yí ahọ́n ká. Adùn èso lẹ ó kọ́kọ́ rí, òórùn ata á tẹ̀ lé e, ẹnu á wá gbẹ bí ìgbà tí èèyàn jẹ obì.

Ata rodo kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí ọtí máa ń mú kí ata túbọ̀ jóni lẹ́nu. Ẹran àgbò tàbí ewúrẹ́ yíyan tó lọ́ràá, tí a fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí, ló bá a mu jù. Olú àti ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ kò pọ̀ náà dára. Ẹja lè mú kó máa rùn bí irin lẹ́nu.

Àwọn kan ní wáìnì pupa ń fún àgbàlagbà lẹ́jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 13 sí 15 nínú 100, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ bíà máa ń tó bí ìdá 5. Lóṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà léèrè kó tó fẹnu kàn án. Ẹni tí kì í mu ọtí, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sì máa mu ún, ife kékeré kan ti tó. Ẹ dé ìyókù, ẹ gbé e síbi tó tutù. Yóò ṣì dùn títí di ọjọ́ kẹta.