Láptọ́ọ̀pù Ọmọ Tó Ń Bọ̀: Ṣé Ilé La Ó Ti Rà Á Ni, Àbí Níhìn-ín?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi pè wá láti ilé: "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ ti rí físà. Ṣé ká ra láptọ́ọ̀pù fún un kó tó máa bọ̀, àbí kó dé ọ̀dọ̀ yín ná?" Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kì í ṣe aṣọ òkè.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣojú wa. Ọmọ ẹbí wa kan wá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní London. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó ni wọ́n fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún un nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó wọ bàálù. Ara rẹ̀ ń dán bíi tuntun. Nígbà tó débí, bó bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná, kì í lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń kú. Ìyẹn ṣì kéré. Windows 11 ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò níléèwé rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ti dàgbà jù láti gbà á. A pe ẹni tó tà á. Ó ní: "Kò sí wàhálà, ẹ ṣáà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù." Láti London! Owó oúnjẹ oṣù méjì lọmọ náà fi ra òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ní ká fi ojú ìwé okòwò tọ̀tẹ̀ yìí yanjú ọ̀rọ̀ náà.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjà ilé ló máa ń dínwó jù. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni láptọ́ọ̀pù ti ń wọ Nàìjíríà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọlé. Látìgbà tí ìjọba ti tú iye owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bí dọ́là bá ti gòkè ni ọjà Ìkẹjà náà ń gòkè.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ fi iye tí ẹ̀yin fúnra yín ń ra pọ́n-ùn pín owó tí wọ́n pè é nílé. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí wọ́n bá pè é ní ₦1,000,000, tí ẹ sì ń ra pọ́n-ùn kan ní ₦2,000, £500 nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí £500 lè rà níhìn-ín.

Ẹ rántí owó orí pẹ̀lú. Ní Britain, VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ọjà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìdí kàǹtà ni wọ́n ti ń fi kún un: láptọ́ọ̀pù $500 yóò di nǹkan bíi $544 ní ìlú New York, yóò sì di $565 ní Ontario.

ÒFIN TÓ WÀ LẸ́YÌN YÍN

Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Lábẹ́ òfin Britain ti ọdún 2015, bí ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò bá ní àbùkù, ẹ lè dá a padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, ẹni tó tà á ni yóò fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, kódà bí kò ní àbùkù kankan. Bó bá sì lé ní £100 tí ẹ fi credit card san án, ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà ń dúró fún yín pẹ̀lú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sábà ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, nítorí náà, kó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ bí ẹyin.

Wárántì tí wọ́n bá fún yín nílé, ẹ kà á dáadáa. Òmíràn kò kọjá Nàìjíríà.

BÓ BÁ DI DANDAN KÍ Ẹ RÀ Á NÍLÉ

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín:

1. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ lò ó fún wákàtí kan gbáko. Bátìrì tó bá ti kú kò ní lè parọ́.

2. Ẹ béèrè bóyá ó ń lo Windows 11. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Bó bá jẹ́ ti Intel, kó má rẹlẹ̀ sí ìran kẹjọ. Kí ìrántí rẹ̀ tó 8GB.

3. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Tòkunbọ̀ míì jẹ́ ti Faransé tàbí Jámánì, lẹ́tà rẹ̀ kò sí níbi tí ọwọ́ yín mọ̀.

4. Ẹ wo ara ṣájà. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ní Britain àti ní Amẹ́ríkà. Orí rẹ̀ nìkan lẹ ó pààrọ̀ bí ẹ bá ń lọ sí Amẹ́ríkà.

5. Ẹ má jẹ́ kó kúrò lójú yín láti orí kàǹtà títí dé inú àpò. Èyí tí ẹ dán wò ni kí ẹ gbé lọ sílé.

Nínú bàálù, àpò ọwọ́ ni kó wà. Power bank àti bátìrì àfikún kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù rárá.

OWÓ TA NI?

Ọ̀rọ̀ yìí ti da ẹbí rú. Wọ́n á ní, "Ẹ bá wa rà á, a ó san án ní náírà." Ní oṣù karùn-ún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báǹkì, nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti tó nǹkan bíi ₦900. Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù nígbà náà, tí wọ́n wá san iye náírà àkọ́kọ́ fún un lópin ọdún, ìdajì owó rẹ̀ ló gbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ sọ pé ẹ̀bùn ni. Bó bá jẹ́ gbèsè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní pọ́n-ùn, kí ẹ fi ọjọ́ tí wọn yóò san án sí i. Ìyẹn kì í ṣe ahun. Òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò di ọ̀tá.

ÌMỌ̀RÀN WA

Bí ọmọ bá ti ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó gbé e bọ̀. Kò sídìí fún tuntun. Bí kò bá ní, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléèwé irú èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́, kó mú owó rẹ̀ lọ́wọ́, kó wá rà á níhìn-ín. Kọ̀ǹpútà wà ní láíbìrì iléèwé tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n tún ṣe, tí oníṣòwò sì fún ní wárántì, kò burú. Àfi ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé nìkan ni a lè ní kó rà á nílé, kí òun náà fi ìlànà márùn-ún òkè yìí yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ lọ́nà, wọn yóò gúnlẹ̀ láyọ̀ o.