Oògùn Tí Kò Ṣiṣẹ́ Nínú Ìgò



Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ “ọkọ” sí ojú pátákó láìfi àmì ohùn sí i, ta ni yóò sọ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi? Inú gbólóhùn ni ìtumọ̀ ti ń yọjú. Ìtàn oògùn ojú ọgbẹ́ kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn rí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn dókítà a máa da oògùn apakòkòrò líle sí ojú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun, nítorí pé ó ń pa kòkòrò nínú ìgò. Ní Boulogne, ní ilẹ̀ Faransé, Almroth Wright àti Alexander Fleming fi hàn pé nínú ọgbẹ́ tí ó jìn, oògùn náà kì í dé kọ̀rọ̀ tí kòkòrò sá pamọ́ sí; ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara, ni ó ń pa.

Gerhard Domagk, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun yìí kan náà, ó sì rí bí ọgbẹ́ tí ó kẹ̀ ti ń pa wọ́n. Nígbà tí ó di olùwádìí ní Elberfeld, kò fi ìgò nìkan dán oògùn wò. Ó lo eku. Ní oṣù Kejìlá 1932, ó kó kòkòrò streptococcus sí àwọn eku lára, ó sì fún díẹ̀ nínú wọn ní èròjà pupa kan, irú èyí tí a fi ń pa aṣọ láró, tí Josef Klarer àti Fritz Mietzsch ṣe. Àwọn tí ó lò ó yè. Àwọn yòókù kú. Prontosil ni a sọ èròjà náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì pa kòkòrò kankan nínú ìgò.

Domagk tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1935. Kí ọdún náà tó parí, abẹ́rẹ́ gún Hildegard, ọmọbìnrin rẹ̀, lọ́wọ́. Ọgbẹ́ náà kẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di pé kí a gé ọwọ́ náà. Baba fún un ní Prontosil. Ọmọ yè, ọwọ́ kò sì lọ.

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris rí ìdí ọ̀rọ̀. Ara alààyè ni ó ń tú èròjà pupa náà palẹ̀, tí sulphanilamide, tí kò ní àwọ̀, fi ń jáde nínú rẹ̀. Èyí jọ ohun tí kòkòrò nílò láti dàgbà. Kòkòrò a gbà á bí oúnjẹ, kò ní lè bí sí i mọ́, ẹ̀jẹ̀ funfun a sì parí iṣẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ká ní inú ìgò nìkan ni Domagk wò, ìbá ti da èròjà náà nù bí ohun tí kò wúlò, nígbà tí ìwòsàn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.